Ọkọ̀ háíbírìdì kan, awakọ̀ mẹ́ta: ta ni ó ń jẹ epo?

Ìbéèrè, láti ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ilé wa tí mo fẹ́ kí àwọn tí ó ní irú ọkọ̀ tí a ní bá mi dá sí, nítorí pé ohun tí a fi owó àjọdá rà láti mú ìnira kúrò ti fẹ́ máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá àti ọmọ.

Ní ọdún tó kọjá ni èmi, àbúrò mi ọkùnrin àti màmá wa da owó pọ̀, tí a fi ra Toyota Prius tòkunbọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2008. Ọ̀rọ̀ epo ló mú wa yan háíbírìdì, ìyẹn ọkọ̀ tí ó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí lítà kan sì fò láti abẹ́ náírà 200 kọjá náírà 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọkọ̀ ńlá tí bàbá wa ń lò tẹ́lẹ̀ kò ṣeé gbé jáde mọ́, àfi bí ẹnìkan bá kú tàbí bí a bá ní aláìsàn.

Àwa mẹ́ta ni a ń wa Prius yìí, ìṣe wa lórí ìjókòó awakọ̀ kò sì jọra rárá. Bàbá wa jẹ́ tísà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti pé ẹni ọdún 71. Òun ni ó ń gbé màmá wa lọ sí àwọn abúlé tí ó ti ń ra gàrí, tí ó sì ń gbé e padà wá sí ọjà Òkè-Ajé. Peugeot 504 ni bàbá fi mọ ọkọ̀ wà, ìlànà 504 náà ni ó sì gbé wá sínú Prius: bí ọ̀nà bá ti dà gẹ̀rẹ́, yóò fi jíà sí fíríì kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀, bí a bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fíríì náà ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́ ní oríta, gẹ́gẹ́ bí ìṣe irú ọkọ̀ yìí, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti tún bọ́tìnnì ìtanná tẹ̀ nítorí ó rò pé ọkọ̀ ti kú, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á sí àárín títì.

Àbúrò mi ní tirẹ̀ kò mọ ohun tí ń jẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èkó ni ó ti ń kó ọjà ní òpin ọ̀sẹ̀, bí ó bá sì ti bọ́ sí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn láti Ṣágámù, iná ni ó ń tẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá fẹ́ dúró, àfi kí bíréèkì ké. Èmi ń gbé ọkọ̀ náà lọ sí ibi iṣẹ́ mi ní Ṣágámù ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, mo sì rò pé àárín àwọn méjèèjì ni mo wà.

Àdéhùn wa ni pé kí ẹni tí ó bá lo ọkọ̀ ra epo tí ó lò padà kí ó tó gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀. Ojú ni a fi ń wọn epo ọ̀hún, kò sì sí ẹni tí ojú rẹ̀ kì í gbè sẹ́yìn àpò ara rẹ̀. Àbúrò mi ní fíríì bàbá ló ń jẹ epo, bàbá ní ìwàkuwà àbúrò mi ni, màmá wa ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ pẹ̀lú gàrí òun.

Ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀ ní ọjọ́ Ojúde Ọba. Bàbá ni ó wa ọkọ̀, màmá wa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì múra sínú aṣọ régbérégbé, àpò gàrí kan tí a kò tíì sọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí ìjókòó ẹ̀yìn, éésì sì ń ṣiṣẹ́ tagbáratagbára nítorí ooru. Ó lé ní wákàtí méjì tí a fi ń wọ́ bí ìgbín. Bí a ṣe ń sún mọ́ ibi tí wọ́n ti dínà, àmì onígun mẹ́ta pupa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, éésì dákẹ́, ọkọ̀ kò sì ní agbára mọ́. Màmá wa fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù nínú aṣọ òkè. Mẹkáníìkì tí a gbé ọkọ̀ fún lẹ́yìn náà kò wò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí ó fi sọ pé bátìrì ńlá ti kú, kí a lọ ra òmíràn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni àbúrò mi sọ lójú bàbá pé ẹni tí ó bà á jẹ́ ni kí ó tún un ṣe. Bàbá kò fèsì. Ó kàn gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, láti ọjọ́ náà kò sì tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́. Èyí gan-an ni ó ń dùn mí ju bátìrì lọ.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìṣe awakọ̀ lè pa bátìrì ọkọ̀ yìí lóòótọ́, bí a ṣe lè pín owó epo tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lérò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, àti bí ọmọ ṣe lè bá bàbá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ fíríì yìí láìsọ ọ́ di ẹ̀kọ́.

Èsì, láti ọwọ́ Rẹ̀wáyà Ṣágámù

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni mo ń ṣe, háíbírìdì sì pọ̀ nínú ohun tí ń wọ ọgbà mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra bátìrì kankan. Ẹni tí kò so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀, tí kò sì wọn nǹkan kan, kò lè mọ̀ pé bátìrì ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe rí. Ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì ńlá Prius yín wà. Ègé 28 ni wọ́n so pọ̀ mọ́ra, ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ fólítì 7.2, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ fólítì 201.6. Ohun tí ó ń pa á kíákíá ni ooru. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi fáànù kan sí i tí ó ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti inú ọkọ̀ wá sára rẹ̀. Ẹ lọ wo ìjókòó ẹ̀yìn yín, ní ìhà ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfẹ̀yìntì: ẹ óò rí ojú afẹ́fẹ́ kan tí ó ní ìlà ìlà bí asẹ́. Ihò imú bátìrì nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín léèrè ibi tí àpò gàrí yẹn fara tì ní ọjọ́ Ojúde Ọba.

Ẹ wá fi fíríì kún un. Nínú ọkọ̀ yìí, bí jíà bá wà ní N, ìyẹn fíríì, ẹ́ńjìnnì kò lè fi iná ránṣẹ́ sí bátìrì, bó ti wù kí ó máa ké tó. Éésì yín kò sì so mọ́ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú bẹ́líìtì bíi ti ọkọ̀ mìíràn, inú bátìrì ńlá yẹn gan-an ni ó ti ń jẹun. Ẹ rò ó wò: èèyàn mẹ́rin nínú ọkọ̀, éésì ń fa iná jáde fún wákàtí méjì, fíríì kò jẹ́ kí iná wọlé, àpò gàrí sì dí ihò imú rẹ̀. Ó dá mi lójú pé bátìrì tí ó wá láti ilé iṣẹ́ lónìí náà yóò kígbe.

Ní ti àbúrò yín, ẹ má di ẹ̀bi bátìrì lé e lórí nítorí eré sísá nìkan. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í jẹ́ kí bátìrì ṣófo tán tàbí kí ó kún dé ẹnu. Láàárín nǹkan bí ìdá 40 sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó máa ń dì í mú sí, ẹni yòówù kí ó wà lórí ìjókòó. Ohun tí ó ń ṣòfò ni epo àti páàdì bíréèkì. Bí èèyàn bá tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀rọ oníná tí ó wà níwájú yóò yí padà di jẹnẹrétọ̀, yóò sì dá agbára eré náà padà sínú bátìrì. Bí ó bá dúró lójijì, páàdì ni yóò jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, yóò sì di ooru lásán lójú táyà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà tí ó lè ka ègé 28 náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá tilẹ̀ ka P0A80, nọ́ńbà àṣìṣe bátìrì ńlá, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ìwé ikú, ó lè jẹ́ pé ègé kan tàbí méjì péré ni ó rẹlẹ̀. Kí wọ́n tú fáànù kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó sọ ohunkóhun. Kí ẹnikẹ́ni tí kò mọ iṣẹ́ náà má ṣe fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn. Ó yẹ kí wọ́n yọ ìdè iná ńlá tí ó wà nínú búùtù, kí wọ́n sì ní sùúrù fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, kí iná tí ó kù nínú ínfátà, ẹ̀rọ tí ń yí iná bátìrì padà fún ẹ̀rọ oníná ọkọ̀, tó lọ sílẹ̀. Mo ti rí ẹni tí kò ní sùúrù náà, ọpẹ́lọpẹ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ó wọ̀.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé yín mọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí epo tán pátá nínú rẹ̀. Yóò ṣì máa rìn díẹ̀ pẹ̀lú iná bátìrì nìkan, èyí sì máa ń tan àwọn ọ̀dọ́ jẹ pé àwọn lè fi bẹ́ẹ̀ dé ilé epo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa bátìrì já.

Èsì, láti ọwọ́ Awakọ̀ Àgbà, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ mi, mo kí ọ, mo sì kí bàbá rẹ. Ọ̀rọ̀ Rẹ̀wáyà tọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín rò pé bàbá yín kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Èmi náà wa 504 fún ọdún púpọ̀. Kábúrétọ̀ ni ó ń fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní epo, kábúrétọ̀ kò sì mọ̀ bóyá òkè ni a ń gùn tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni a ń sọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí kíkankíkan nínú jíà, epo ni ó ń fà. Ẹni tí ó bá fi sí fíríì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò rọlẹ̀, epo rẹ̀ yóò sì pẹ́ díẹ̀. Ọ̀gá tí ó kọ́ wa níṣẹ́ ni ó fi lé wa lọ́wọ́, a sì rí èrè rẹ̀ ní àsìkò tí epo ṣòro. Ó léwu fún bíréèkì, èmi kò sì ní kí ẹnikẹ́ni ṣe é mọ́, àmọ́ kì í ṣe ìwà òmùgọ̀.

Nínú háíbírìdì, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí bàbá yín fi ń sinmi ni ibi tí ọkọ̀ ti ń jẹun. Bí ó bá fi jíà sílẹ̀ ní D, jíà ìrìn síwájú, tí ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ẹ́ńjìnnì lè má jẹ epo kankan rárá, táyà yóò sì máa rọ iná sínú bátìrì títí wọn yóò fi dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá fi sí fíríì, ó ti da oúnjẹ náà nù. Ọmọ mi ọkùnrin ní irú rẹ̀, òun ni ó fi àwòrán tí ó wà lójú gíláàsì àárín dáṣíbọ́ọ̀dù hàn mí, níbi tí a ti ń rí ọfà tí ń lọ láti táyà sí bátìrì. Ìgbà tí mo fojú ara mi rí ọfà yẹn lórí òkè kan náà tí mo ti ń fi sí fíríì láti ìgbà èwe mi ni mo gbà. Bí ó bá jẹ́ ẹnu ni ó fi sọ fún mi, n kò ní gbà. Mo tún ń gbìyànjú láti lo lẹ́tà B tí ó wà nísàlẹ̀ D ní gbogbo ìgbà, òun ni ó sọ fún mi pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn tí ó ga púpọ̀ nìkan ni wọ́n ṣe é fún, àti pé lójoojúmọ́, D ni ó ń kó iná jọ jù.

Ìyẹn ni ìmọ̀ràn tí mo ní fún ọ. Tísà ni bàbá rẹ. Má ṣe kọ́ ọ. Gbé ìwé ìtọ́sọ́nà ọkọ̀ náà lé e lọ́wọ́, sọ fún un pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò yé ọ tó, kí ó bá ọ kà á, nítorí pé òtítọ́ ni, ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n tán. Kí àbúrò rẹ sì lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ní ti owó epo, èmi kò fara mọ́ kí ọmọ máa bá bàbá ṣe ìṣirò lítà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́, ẹ ra epo, kí bàbá yín máa wa ọkọ̀.

Èsì, láti ọwọ́ Ìyá Ìbejì, Ìperu

Ẹ̀yin bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n ta ko èyí tí ẹ sọ gbẹ̀yìn. Owó tí a kò kà ni ó ń di ẹ̀tanú. Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin méjì ni a jọ ń lo Camry háíbírìdì kan, ọdún kẹta rèé, ìgbà tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí kọ nǹkan sílẹ̀ ni a máa ń jà. Ìwé kékeré kan àti báírò wà nínú àpótí kékeré iwájú ọkọ̀ báyìí, wọn kì í kúrò níbẹ̀.

Ohun tí a ń ṣe kò le. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ fún ẹni tí ó kàn yóò gbé e lọ sí ilé epo, yóò rà á títí tí pọ́ńpù yóò fi gé fúnra rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, kò ní fi tipátipá kún un. Yóò kọ iye lítà tí ó wọlé, yóò sì kọ iye kìlómítà tí ó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tí ó bá rin kìlómítà 180, tí lítà 9 sì wọlé, ó rin 20 fún lítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá rin kìlómítà 180 kan náà, tí lítà 12 wọlé, 15 ni tirẹ̀, lítà mẹ́ta sì wà láàárín àwọn méjèèjì tí ẹnikẹ́ni kò ní láti fi ẹnu jà lé lórí. Owó ti jáde láti ọwọ́ ẹni tí ó lò ó. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, tí ó máa ń tẹ iná mọ́ ọkọ̀ jù wá lọ, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbáwí kan láti ẹnu wa. Ìwé yẹn nìkan ni ó kà fún oṣù méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fúyẹ́.

Fún Prius irú tiyín, ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ fún un jẹ́ máìlì 46 fún gálọ́ọ̀nù wọn kan, èyí tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 20 fún lítà 1. Ojú ọ̀nà tiwọn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, nítorí náà bí ẹ bá rí 16 tàbí 17 pẹ̀lú àwọn kòtò wa, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ibì kan wà tí ó gba àánú. Gàrí màmá yín wúwo, ọ̀nà abúlé kò dán, a kò sì lè fi bàbá tí ó ru ẹrù wé ọmọ tí ó dá rìn. Ní ilé tiwa, bí ẹnìkan bá fi ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ẹbí jẹ nínú rẹ̀, gbogbo ẹbí ni ó ń san epo rẹ̀. Ojúde Ọba yẹn, àpẹẹrẹ, kì í ṣe gbèsè bàbá yín. A tún ní owó kékeré kan tí a ń dá ní oṣooṣù sínú àpò kan náà fún bátìrì, nítorí pé bó pẹ́ bó yá, bátìrì tòkunbọ̀ yóò béèrè owó, kò sì yẹ kí ó jẹ́ ẹni tí ó wà lórí ìjókòó ní ọjọ́ tí àmì pupa tàn ni yóò san gbogbo rẹ̀.

Èsì, láti ọwọ́ Rẹ̀wáyà Ṣágámù

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un nítorí Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Bí Prius wọn bá jẹ́ èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá, ọ̀rá rọ́bà kan wà nínú táǹkì epo rẹ̀ tí ó ń fẹ̀ tí ó sì ń sún kì, èyí kò sì sí nínú Camry yín. Nítorí rẹ̀, pọ́ńpù lè gé kí táǹkì tó kún lónìí, kí ó sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́la. Lítà kan tàbí méjì lè fò láti orí ẹnìkan bọ́ sórí ẹlòmíràn láìsí pé ẹnikẹ́ni jalè. Kí wọ́n má ṣe ìdájọ́ lórí ìrajà epo ẹ̀ẹ̀kan; kí wọ́n ro mẹ́rin tàbí márùn-ún pọ̀ kí wọ́n tó pín in. Bọ́tìnnì kan sì wà lójú gíláàsì yẹn tí wọ́n lè fi dá ìṣirò epo padà sí òdo nígbàkígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èyí kò gbára lé pọ́ńpù ilé epo rárá, mo sì fọkàn tán an jù.

Èsì, láti ọwọ́ Ọmọ Òdógbolú

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Irú àbúrò Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni èmi náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo dán eré wò lórí ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin fún ọ̀sẹ̀ méjì: ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kìlómítà 120 ní wákàtí kan, ní ọ̀sẹ̀ kejì, 90. Ìyàtọ̀ epo náà bà mí lẹ́rù, mo sì lọ wádìí ìdí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń tì níwájú kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré. Láti 90 sí 120, eré fi ìdá mẹ́ta kan lé sí i, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ń ta kò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Lórí eré bẹ́ẹ̀, bátìrì kò ní ohun tí yóò fi ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, nítorí pé kò sí bíréèkì tí yóò máa fún un ní oúnjẹ. Ọkọ̀ háíbírìdì tí a fi owó iyebíye rà ti di ọkọ̀ lásán nìyẹn. Kìlómítà 60 lórí eré 120 gba ìṣẹ́jú 30, lórí 90 ó gba 40. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a ń fi epo rà, tí a sì ń rú òfin àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lé e, nítorí 100 ni òpin fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí márosẹ̀.

Èsì, láti ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo sì fẹ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

A gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó tú fáànù jáde, ó pè mí kí n wá wò ó. Etí abẹ́ fáànù náà kò hàn mọ́. Eruku funfun tí ó ti dì bí ẹ̀kọ ni ó bò ó, mo fi ìka họ díẹ̀ nínú rẹ̀, òórùn kíkan gàrí ni ó jáde. Fọ́nrán àpò gàrí kan sì ti wé mọ́ ìdí rẹ̀. Ó fọ gbogbo rẹ̀ mọ́, ó ka ègé 28 náà lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì ni ó rẹlẹ̀. A pààrọ̀ méjèèjì. Kò ṣèlérí fún mi pé àwọn yòókù yóò pẹ́, ṣùgbọ́n owó tí a ná kò sún mọ́ iye tí mẹkáníìkì ti àkọ́kọ́ pè rárá. Àwa mẹ́ta ni a pín in, nítorí pé gbogbo wa ni a jẹ nínú gàrí yẹn.

Àbúrò mi lọ bá bàbá ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. N kò sí níbẹ̀, n kò sì béèrè ohun tí wọ́n sọ. Ní ti ìwé ọkọ̀, mo ṣe bí bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe ní kí n ṣe. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi láìwo ojú mi, ó wá awò rẹ̀, kò sì jáde kúrò ní pálọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo bá ìwé àkọsílẹ̀ kan lórí tábìlì, ó ti fi rúlà fa ìlà sí i: ọjọ́, awakọ̀, kìlómítà, lítà, ẹrù. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ìlà "ẹrù" kún un. Màmá wa ti gbà pé inú búùtù nìkan ni gàrí yóò máa wà, àpò méjì lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọdọ̀ sí ohun kan lórí ìjókòó lápá ọ̀tún.

Epo wa kò tíì dọ́gba. Àbúrò mi ṣì ń jẹ ju èmi lọ, nǹkan bíi kìlómítà 15 fún lítà kan sí 18 tèmi, ó sì ń san tirẹ̀ láìjiyàn. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu ni pé bàbá, pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀, ti dé 17.

Ní Sátidé tó kọjá, àbúrò mi ń lọ sí Èkó, bàbá sì wọlé sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ó já òun sí Ṣágámù. Ó ní òun kò sọ ọ̀rọ̀ kan fún un lórí eré. Ojú gíláàsì ni ó ń wò, ó ń ka àwọn àmì kékeré aláwọ̀ ewé tí ọkọ̀ fi ń sọ iye iná tí bíréèkì ti dá padà, ìwọ̀n wọn jẹ́ wáàtì-wákàtí 50 lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé Ṣágámù, ó sọ fún àbúrò mi pé márùn-ún ni òun máa ń rí láti ilé dé ibẹ̀, pé méjì péré ni tirẹ̀, kí ó lọ ṣe àtúnṣe. Àbúrò mi pè mí láti Èkó ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun ti rí mẹ́ta.